Ẹja Tó Ré Òkè Kọjá

Ọ̀gá Zuwayna gbé báàfù méjì kalẹ̀ níwájú Humayd. Ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ nínú méjèèjì. Ó ní, "Ó yá, fi tìrẹ hàn mí."

Humayd wo báàfù kìíní, ó wo èkejì. Láti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti tì í mọ́lé, jalábíà rẹ̀ tó máa ń funfun báláú ti di aláwọ̀ eérú. "Tèmi báwo, Ọ̀gá?"

"Èyí tí wọ́n ní o dà sínú fálájì yín láti fi tan ìjọba jẹ."

"Mi ò da ẹja kankan síbì kankan."

"Mo ti gbọ́. Ṣáà nawọ́ sí i."

Ó nawọ́ sí báàfù ọwọ́ ọ̀tún. Ó fa ọwọ́ padà, ó tún nà án sí tòsì. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹja kan náà ni?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fi ẹja kan dípò òmíràn, kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì!

Èmi ni Sájẹ́ǹtì Marhun. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti lé olè ewúrẹ́, mo ti lé olè ràkúnmí, mo sì ti mú olè kan rí tó jí mọ́tò tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹja, ti Sidayra yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Abúlé Sidayra kò ní odò, òjò rẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Fálájì ló ń bọ́ wọn, ojú omi tóóró tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ gba abẹ́ òkè, láti ìyá kànga tí omi ti ń sun lókè pátápátá títí dé ìdí igi dàbínù tó kẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ kan wá fẹ́ máa gé òkúta màbù lẹ́bàá ìyá kànga náà. Gbogbo abúlé mọ̀ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, omi á sá. Wọ́n kígbe títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, àfìgbà tí Dókítà Lubna, onímọ̀ ẹja láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Masqat, olú ìlú wa, wá wo irú ẹja tó wà nínú fálájì wọn. Ó gbé ọ̀kan sókè, ẹnu rẹ̀ kò sì lè padé mọ́.

Lójú tiwa, ẹja ni ẹja ń jẹ́. Dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ìhà tiwa lára òkè, ẹja fálájì ní àmì dúdú nídìí ìrù, ìpẹ́ sì bo ikùn rẹ̀. Ní ìhà kejì, ní Ayn Murra, ìsun tí omi rẹ̀ korò, ẹja ibẹ̀ kò lámì, ikùn rẹ̀ sì wà níhòòhò. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè náà, apá kan a ṣàn lọ sókun, apá kejì a ṣàn wọnú iyanrìn, wọn kì í sì í pàdé. Ibi tí omi bá ti pínyà, ibẹ̀ lẹja ti ń di ìdílé méjì. Ṣùgbọ́n Ayn Murra ti gbẹ láti ìgbà tí Sálímù àkọ́bí mi ṣì ń rákò. Nínú ìgò ọtí líle kan tí wọ́n fi tọ́jú òkú ẹja ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ni Dókítà rò pé ẹja aláìlámì kù sí láyé. Òun ló wá bá láàyè ní Sidayra, níbi tí kò yẹ kó wà rárá.

Nítorí ẹja yìí, ìjọba dá iṣẹ́ òkúta dúró. Humayd, tó jẹ́ alábòójútó fálájì, lọ sórí rédíò, ó ń pariwo pé láti ìgbà Ádámù ni ẹja náà ti jẹ́ tiwọn. Ghassan, aṣojú ilé-iṣẹ́ òkúta, dá a lóhùn pé ẹja kò lẹ́sẹ̀, kò lè gun òkè, ẹnì kan ló gbé e wá. Ó sì mú oníṣòwò ẹja kan wá láti Matrah, tó búra pé òun ta ẹja aláàyè fún Humayd lóṣù tó kọjá. Lọ́jọ́bọ̀ ni agbẹjọ́rò ìjọba ń bọ̀. Bí a kò bá rí àlàyé mìíràn fún un, Humayd ń lọ sẹ́wọ̀n, àwọn agékùúta á sì gun òkè lọ.

Ọ̀gá Zuwayna jókòó. Ó ju dàbínù kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi kóró rẹ̀ pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń ronú.

"Ṣé o ra ẹja ní Matrah àbí o kò rà?"

"Mo rà."

Inú mi bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Nígbà tó ń pín omi fún àwọn ará abúlé, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni rí, títí kan àna rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Humayd wolẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Sájẹ́ǹtì jáde ná."

"Sájẹ́ǹtì kò níbi tó ń lọ."

"Ẹja tó ń jẹ ẹsẹ̀ ni."

"Tó ń jẹ kí ni?" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ẹsẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Àwọn ọmọge ìlú ńlá máa ń ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ẹja lè máa já òkú awọ jẹ kúrò níbẹ̀. Gìgísẹ̀ ìyá mi àgbà ti là, ó ń dùn wọ́n. Mo ní kí n rà á fún wọn. Ooru pa gbogbo ẹja náà sínú mọ́tò kí n tó délé." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní òmùgọ̀ ni mí, pé ẹja inú ìkùdù ilé wa ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi."

Ọ̀gá Zuwayna kò mira. Ó wo báàfù, ó wo bàtà mi.

"Bàbá Sálímù," ó ní, "ẹ dákun, ẹ bọ́ bàtà yín."

"Bàtà mi? Nínú àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Méjèèjì."

Ọ̀gá mi kéré sí àbúrò mi tó kéré jù, ṣùgbọ́n ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo ti ẹsẹ̀ bọ báàfù kìíní. Àwọn ẹja alámì sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fún mọ́ra wọn. Mo yọ ẹsẹ̀, mo tì í bọ èkejì. Àwọn aláìlámì dúró díẹ̀, wọ́n wá sún mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já àtàǹpàkò mi jẹ díẹ̀díẹ̀. Mo kígbe. Humayd tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti rí i," ni Ọ̀gá wí. "Alámì ń sá fún ẹsẹ̀, aláìlámì ló ń jẹ ẹ́."

"Ó parí nìyẹn!" ni mo wí. "Ìyá àgbà ti ní in kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé."

"Ìyá àgbà á sọ ohunkóhun kí ọmọ rẹ̀ lè bọ́, agbẹjọ́rò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹja fẹnu ara wọn jẹ́rìí."

*

Ẹja kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, nítorí náà èmi ni iṣẹ́ náà já lé lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀n lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀ sínú ìyá kànga. Ọ̀nà fálájì lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti oníkùn bíi tèmi. Mo rá, mo wọ́, orí mi kan òkúta, mo rántí gbogbo ẹran ọdún tí mo ti jẹ láyé. Gbogbo ibi tí mo bá dé, mo ń gbọ́n ẹja, mo ń wo ìdí ìrù.

Alámì ni gbogbo wọn. Mo jáde sí ìmọ́lẹ̀, mo tẹ̀ lé omi gba àárín ọgbà dàbínù dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí òkúta tó ga tó àyà mi. Alámì náà ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ ibi tí omi já sí, ilé kan wà tí omi gba inú ìkùdù rẹ̀ kọjá. Láti inú ìkùdù náà lọ sísàlẹ̀, alámì àti aláìlámì ló dà pọ̀.

"Ilé ta nìyí?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ilé Ìyá Shamsa," ni mo dáhùn. "Ìyá tó bí bàbá Humayd."

Ghassan ti ń dúró lábẹ́ ìbòòji, ó wọ awò dúdú. Ó pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ ti gbọ́? Ilé ìyá rẹ̀ gan-an! Ilé ló dà á sí. Ọ̀gá, kí lẹ tún ń wá kiri?"

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ẹja kò lè gun ibi tí omi ti ń já wálẹ̀. Nítorí náà, inú ilé yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ilé yẹn sì ni Humayd ń gbé. Okùn ń fún mọ́ ọn lọ́rùn, èmi ni mo sì rá kòrò láti lọ fà á.

Ọ̀gá yí ẹ̀yìn sí Ghassan. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi dàbínù, ó gbé kóró sẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń wo omi. Mo jókòó tì í, mo ń fún aṣọ mi.

"Bàbá Sálímù, tí ẹ bá fẹ́ fi ẹja dáàbò bo ìyá kànga, ibo lẹ máa dà á sí?"

"Ìyá kànga náà ni."

"Kí ni ìdí tí alábòójútó fálájì, tó mọ omi yìí bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀, á fi dà á sísàlẹ̀, níbi tí kò ti lè gòkè lọ mọ́?"

Mo ń fún aṣọ mi lọ.

"Ẹja tí ẹ gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe tóbi sí?"

"Ìyá wà ńbẹ̀, ọmọ wà ńbẹ̀, títí dé àwọn tí kò tóbi ju irùgbọ̀n lọ."

"Ẹja ọjà, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n máa ń jẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti bímọ, ọmọ wọn ti bímọ. Ẹni tó kó wọn wá kò ronú kan òkúta màbù rárá. Ó gbé wọn wá nítorí ohun mìíràn, ó sì ti pẹ́." Ó yíjú sí mi. "Níbo ni wọ́n ti fẹ́ Ìyá Shamsa?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. "Ẹ̀yìn òkè ni. Ayn Murra."

Kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kò gbọ́ ìtàn náà. Abúlé méjèèjì ti bá ara wọn jà nítorí ibi ìjẹko, ẹ̀mí sì ti bọ́. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, wọ́n fi ọmọbìnrin Ayn Murra kan, Ìyá Shamsa yìí, fọ́kọ ní Sidayra kí àlàáfíà lè jókòó. Àwọn àgbà Sidayra ní àwọn gba ọmọ náà tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi Ayn Murra tàbí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a wọlé. Bí ó bá wọlé, ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyá mi wà lára àwọn obìnrin tó lọ pàdé ìyàwó lẹ́nu odi," ni mo wí. "Wọ́n tú àpótí rẹ̀. Wọ́n gbọn ìborùn rẹ̀. Wọ́n da omi inú awọ tó fi ń rìnrìn àjò nù. Ìyá mi ní wọ́n tilẹ̀ wo inú bàtà."

"Kí ni wọn ò wò?"

"Wọ́n wo gbogbo ẹ̀ tán pátá."

"Bàbá Sálímù. Kí ni wọn ò wò?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ó ku ìkòkò kọfí ìyàwó. Ta ló máa ṣí ìyẹn? Èèwọ̀ ni, àfi kí ìyàwó fúnra rẹ̀ ṣí i lọ́jọ́ kẹta láti fi se kọfí fún ìyá ọkọ. Gbogbo bí ìyá mi ṣe ń tọpinpin tó, kò tó bẹ́ẹ̀..."

Ọ̀gá Zuwayna tu kóró dàbínù sílẹ̀. "Ẹ dìde," ó ní.

*

Ìyá Shamsa jókòó sẹ́bàá ìkùdù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ọmọ mi mọ́lé, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ mu kọfí."

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wá mú ọ pàápàá, wàá kọ́kọ́ fún un ní kọfí. A mu ún, a fi dàbínù sí i. Nígbà tó tó mi, mo mi ife mi bí àṣà wa, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ìyá," ni mo wí, "àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ìwọ Marhun, ọmọ Salma, tí o ń tọ̀ sílé títí o fi tó ilé-ìwé í lọ, ìwọ lo fẹ́ fi òwe kọ́ mi?"

Ọ̀gá Zuwayna kò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo pẹpẹ tí ìkòkò kọfí mẹ́ta wà. Ìdí méjì dúdú kirikiri. Ẹ̀kẹta jẹ́ idẹ, wọ́n ti nu ara rẹ̀ títí ó fi ń dán.

"Ìyá, ìkòkò kẹta yẹn ńkọ́?"

"Ti ìgbéyàwó mi ni. Láti ilé bàbá mi."

"Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò rí iná rí."

Ìyá gbìyànjú láti dìde, Ọ̀gá sì ti gbé e sọ̀kalẹ̀, ó ti ṣí ideri. Ìkòkò kọfí tó bá ti pẹ́ nílé, dúdú ni inú rẹ̀ máa ń rí. Funfun ni inú eléyìí, èèpá funfun tí omi máa ń fi sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ọ̀gá fi ìka ha á, ó tọ́ ọ wò.

"Ó korò."

"Ẹja yìí ti wà níhìn-ín láti ìgbà Ádámù," ni Ìyá wí kíákíá. "Ọmọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò."

"Ìyá mi, tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n lọmọ yín ń lọ."

Ìyá arúgbó náà padà jókòó. "Ọmọ mi, kí ni kí n wí? Tí mo bá ní èmi ni mo gbé wọn wá, wọ́n á ní àlejò ni wọ́n, wọ́n á gé òkè yẹn, gbogbo abúlé á gbẹ. Tí mo bá sì dákẹ́, Humayd... Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti jókòó síbí. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe."

"Ìgbà wo lẹ dé Ayn Murra kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Àwọn èèyàn mi ti kó lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù. Tí mo bá béèrè omi wa, wọ́n ní ó ń ṣàn dáadáa."

Ọ̀gá wò mí. Èmi wolẹ̀. Mo gbàdúrà kí ó má sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

"Ìyá," ó rọra wí, "wọ́n ń tọ́jú ọkàn yín ni. Ayn Murra ti gbẹ. Ó ti pẹ́."

Ìyá Shamsa tẹ orí ba. Ó wo àwọn ẹja tó yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún. Èmi náà sunkún, mi ò ní tijú sọ ọ́.

Nígbà tó nu ojú tán, ó sọ gbogbo ẹ̀. "Ìyá mi ló fi ewé dí ẹnu ìkòkò náà fún mi. Mo kàn ń fẹ́ nǹkan kan tó mọ̀ mí ni. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ mi ṣí i kí n tó dá a dúró. Ó wò ó títí. Ó ní, 'Shamsa, kọfí rẹ ń lúwẹ̀ẹ́ o.'" Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Ó gbẹ́ ìkùdù yìí, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé ibi tí màá ti máa fọṣọ ni. Ìkòkò aládùúgbò ni mo fi se kọfí ìyá ọkọ mi. Omi tó kù nínú tèmi, mi ò lè dà á nù. Mo fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ọkọ mi kò sọ ọ́ títí ó fi kú, mo sì ṣèlérí fún un."

"Ẹ fetí sí mi, Ìyá. Òfin tí Dókítà Lubna ń lò kò béèrè ẹni tó gbé ẹja wá, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ láti fi tanni jẹ. Ibi tí èyí tó kẹ́yìn kù sí ló ń béèrè. Ẹja yìí kò nílé mìíràn láyé mọ́. Ilé rẹ̀ nìyí. Ẹ kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ."

"Mo tan ìyá ọkọ mi jẹ."

"Adájọ́ kò ní bá yín dé ibẹ̀ yẹn."

Ìyá na ìkòkò idẹ náà sí i. "Ẹ gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fọ̀ ọ́ o. Mo bẹ̀ yín."

*

Lọ́jọ́bọ̀, Dókítà Lubna fi ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́rìí níwájú agbẹjọ́rò ìjọba. Iyọ̀ kíkorò tó wà nínú èèpá náà, Ayn Murra nìkan ló ní irú rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja kan sì lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. A gbé báàfù síwájú oníṣòwò Matrah, ó ní òun kò ta irú èyí rí láyé òun. Agbẹjọ́rò béèrè lọ́wọ́ Ghassan bóyá ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ghassan ní mọ́tò òun wà nínú oòrùn, ó sì jáde. Agbẹjọ́rò ní kí Humayd máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì gé òkè náà.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Humayd lọ sílé, ìkòkò náà wà lórí itan mi ní gbogbo ọ̀nà, mo fi ọwọ́ kan wa mọ́tò. Ìyá Shamsa kò tilẹ̀ kí wa. Ó gba ìkòkò, ó ṣí i, ó yọjú wo inú rẹ̀. A kò fọ̀ ọ́. Ó gbé e padà sórí pẹpẹ, ó sì wá gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ìyá, mo sọ fún gbogbo ayé pé láti ìgbà Ádámù ni," ni Humayd wí. "Mi ò mọ nǹkan kan."

"Bọ́ bàtà rẹ."

"Ìyá..."

"Bọ́ bàtà rẹ, kí o wá kí àwọn èèyàn mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, o kò tíì kí wọn rí."

Ọkùnrin tó pariwo lórí rédíò náà bọ́ bàtà. Ó jókòó, ó rọra ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Omi náà rú díẹ̀, ó sì padà tòrò.

"Ẹ kú ilé o," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ. "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé ìyá mi."

A dúró. Ọ̀kan jáde lábẹ́ òkúta, kò lámì nídìí ìrù. Ó lọ́ra díẹ̀, ó sì wá sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀.